Orí Keje: Omi Tó Wọlé, Omi Tó Jáde: Ṣíṣọ́ Agbára Ajílẹ̀ Nínú Kókópíìtì

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

- Ṣàlàyé ìdí tí kókópíìtì fi ń di àwọn èròjà kan mú tó sì ń tú àwọn mìíràn sílẹ̀.
- Wọn EC àti pH omi tó ń wọ àpò ọ̀gbìn àti omi tó ń jáde nínú rẹ̀.
- Ṣírò ìpín omi àjòjáde, kí ó sì fi ṣe ìpinnu lórí bíbomi.
- Ka àwọn àmì inú ìwé àkọsílẹ̀, kí ó sì mọ àtúnṣe tó yẹ kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

7.1 Ohun tó wà nínú kókópíìtì

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátì àti tàtàsé nínú gíríìnháòsì ní ilẹ̀ Yorùbá kò gbìn ín sí ilẹ̀ mọ́. Àrùn ló lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Bí bakitéríà tí ń mú tòmátì rọ lójijì bá ti wọ ilẹ̀ abẹ́ gíríìnháòsì, tàbí tí aràn tí ń mú gbòǹgbò ta kókó bá ti pọ̀ níbẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ibẹ̀ tó ṣeé gbìn sí padà. Àpò kókópíìtì tuntun kò ní àrùn ilẹ̀ nínú, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi sá lọ bá a.

Kókópíìtì ni ìyẹ̀fun àti fọ́nrán kéékèèké tó ń ṣẹ́ kù lára èèpo àgbọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ fọ́nrán gígùn tí wọ́n fi ń ṣe okùn àti ẹní àtẹ́sẹ̀. Íńdíà àti Sri Lanka ló ń ta èyí tó pọ̀ jù lọ fún ayé. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù kílò 5, tí yóò wú di nǹkan bíi lítà 60 sí 75 bí a bá ti rin ín. Èèpo àgbọn kò wọ́n lọ́dọ̀ tiwa náà, pàápàá ní Àgbádárìgì àti etíkun Èkó, àmọ́ iṣẹ́ fífọ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tí a lè gbin nǹkan sí.

Kókópíìtì ń mu omi púpọ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ń rí àyè gbà nínú rẹ̀. Oúnjẹ tó ní fún ọ̀gbìn kò tó nǹkan. Gbogbo ohun tí gbòǹgbò yóò jẹ, inú omi ajílẹ̀ ni yóò ti wá. Ohun tó sì mú un yàtọ̀ sí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ni pé ara rẹ̀ ní agbára iná nẹ́gétíìfù, tó fi ń di àwọn èròjà tó ní agbára iná pọ́sítíìfù mú: potásíọ̀mù, kálísíọ̀mù, mágínísíọ̀mù àti sódíọ̀mù.

Etí òkun ni ọ̀pọ̀ igi àgbọn ń hù sí. Ní àwọn ibì kan, bíi ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, wọ́n tún máa ń rẹ èèpo náà sínú omi ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí fọ́nrán lè rọ̀. Nítorí náà, kókópíìtì tí a kò tọ́jú máa ń kún fún potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù. Bí a bá da omi ajílẹ̀ sí i, yóò gba kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù inú omi náà mú, yóò sì tú potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù sílẹ̀ dípò wọn. Àgbẹ̀ mọ̀ pé òun fi kálísíọ̀mù sí omi. Gbòǹgbò kò rí i gbà. Kò ní pẹ́ tí ìdí èso tòmátì yóò fi máa dúdú tí yóò sì máa rà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. A ó kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ títí EC (òṣùwọ̀n iyọ̀ inú omi; ẹ wo 7.2) omi tó ń jáde yóò fi wà lábẹ́ 1.0 mS/cm. Lẹ́yìn náà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tí a yọ́ kálísíọ̀mù náítíréètì sí, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó sì tún fi omi ṣàn án. Ẹni tó bá ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti tọ́jú gbọ́dọ̀ wọn omi àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú rẹ̀ kí ó tó gbin ohunkóhun sí i.

7.2 EC àti pH

Ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ inú omi jẹ́ iyọ̀. Bó bá ti yòrò, ó máa ń pín sí ègé tíntìntín tó ní agbára iná, tí à ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Bí áyọ́ọ̀nù bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ni iná mànàmáná ṣe ń rọrùn láti gbà á kọjá. EC ni òṣùwọ̀n bó ṣe rọrùn tó. mS/cm ni a sì fi ń kà á. EC omi òjò tó mọ́ sún mọ́ òdo. Ti omi òkun tó nǹkan bí 50. Láàárín méjèèjì yìí, apá ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀gbìn wa ń gbé.

| Ọ̀gbìn | EC omi tó ń wọlé (mS/cm) |
|---|---|
| Ọmọ irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ | 0.8 sí 1.2 |
| Lẹ́tùúsì | 1.0 sí 1.6 |
| Kùkúḿbà | 1.8 sí 2.5 |
| Tàtàsé | 1.8 sí 2.8 |
| Tòmátì tó ń so | 2.0 sí 3.5 |

Atọ́nà ni àwọn òǹkà yìí. Oòrùn líle àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń mú kí a lo apá ìsàlẹ̀ wọn; ìgbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ni a lè lọ sí apá òkè.

Àwọn mítà kan kì í kọ EC. Ppm ni wọ́n ń kọ, èyí sì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀. Omi tí EC rẹ̀ jẹ́ 2.0 yóò di 1000 ppm lórí mítà tó ń fi 500 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì di 1400 ppm lórí èyí tó ń lo 700. Àgbẹ̀ méjì lè máa jiyàn lórí ẹni tí ajílẹ̀ rẹ̀ le jù, kí omi wọn sì jẹ́ ọgbọọgba. EC nìkan ni a ó máa lò nínú ìwé yìí.

pH ní tirẹ̀ ń sọ bí omi ṣe kan tó. Bó bá ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ 7 ló ń kan sí i. Nínú kókópíìtì, 5.5 sí 6.2 ni a ń fẹ́ fún omi tó ń wọlé. Bí pH ibi gbòǹgbò bá kọjá 6.5, yóò máa ṣòro fún ọ̀gbìn láti rí irin àti mánganíìsì gbà, bí wọ́n tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ewé tuntun ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn: àárín ewé á pọ́n, nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.

7.3 Ìdí tí omi tó jáde kì í fi í bá omi tó wọlé dọ́gba

Ẹ wo ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò bu omi sí: omi ń bá ooru lọ, iyọ̀ dúró, ọbẹ̀ sì ń níyọ̀ sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò kókópíìtì lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Oòrùn ń fa omi jáde lára ewé, gbòǹgbò sì ń fa òmíràn láti fi dí i. Bí ooru bá mú, ọ̀gbìn máa ń mu omi kíákíá ju bó ṣe ń jẹ ajílẹ̀ lọ. Ajílẹ̀ tí kò jẹ yóò kù sínú kókópíìtì.

Bí iyọ̀ ibẹ̀ bá wá pọ̀ jù, omi kò ní fẹ́ wọ gbòǹgbò mọ́, nítorí pé apá ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ ni omi máa ń fà sí. Ewé yóò rọ nígbà tí kókópíìtì ṣì tutù rinrin. Ẹni tí kò ní mítà yóò rò pé omi ló ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Àtúnṣe yẹn gan-an ni yóò dá kún ìṣòro.

Nítorí èyí ni a fi máa ń bomi díẹ̀ ju èyí tí ọ̀gbìn lè mu lọ, kí àṣẹ́kù lè fọ iyọ̀ jáde ní ìdí àpò. Omi tó bá jáde báyìí là ń pè ní *omi àjòjáde*. Ìpín rẹ̀ ni a ń ṣírò báyìí:

Ìpín àjòjáde (%) = omi tó jáde ÷ omi tó wọlé × 100

Láàárín 10% sí 30% ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fẹ́ kó wà. Irú omi tí a ń lò ló ń sọ èyí tó yẹ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi sódíọ̀mù, tí tòmátì kì í fẹ́ gbà, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní omi kànga ẹlẹ́rọ kan ní sódíọ̀mù 40 mg nínú lítà kan. Bí ìpín àjòjáde bá jẹ́ 20%, lítà 1 ló ń jáde nínú lítà 5 tó wọlé. Lítà kan ṣoṣo yẹn ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù lítà márààrún jáde: 200 mg. Bí àgbẹ̀ bá ní òun fẹ́ ṣọ́ omi ná, tó dín ìpín náà kù sí 10%, sódíọ̀mù yóò máa kó jọ títí omi àjòjáde yóò fi ní 400 mg nínú lítà kan. Ẹni tó ń lo omi òjò lè ṣọ́ omi ná láìsí ewu púpọ̀. Ẹni tí kànga rẹ̀ wà nítòsí ọ̀sà tí omi rẹ̀ sì níyọ̀ kò gbọ́dọ̀ wò ó ṣe.

7.4 Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Irinṣẹ́ tí a nílò ni mítà EC, mítà pH, omi òṣùwọ̀n EC 1.413, omi òṣùwọ̀n pH 7.0 àti 4.0, jọ́ọ̀gì tí a kọ mílílítà sí lára, tíréè, àti galọ́ọ̀nù tó ní ìdérí.

1. Yan àpò mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan níbi tí okùn omi ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan níparí rẹ̀. Má ṣe yan èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀.
2. Gbé àpò kọ̀ọ̀kan sórí tíréè tó dagun díẹ̀, kí omi àjòjáde lè ṣàn sínú galọ́ọ̀nù. Bo galọ́ọ̀nù náà. Omi tí oòrùn pa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò gbẹ díẹ̀, EC rẹ̀ yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.
3. Ti ẹnu díríìpù kan tó jọ ti ara àpò sínú galọ́ọ̀nù mìíràn. Omi inú rẹ̀ ni omi tó wọlé. Má gbára lé òǹkà inú táǹkì nìkan: ẹnu díríìpù lè dí, ajílẹ̀ sì lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì.
4. Yẹ mítà wò. Ki ti EC bọ omi òṣùwọ̀n 1.413, kí o sì tún un ṣe bí kò bá ka iye yẹn. Ki ti pH bọ 7.0, lẹ́yìn náà 4.0. EC máa ń fi nǹkan bí 2% ga sí i bí omi ṣe ń fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, nítorí náà mítà tó ń ṣàtúnṣe fún ooru ló dára.
5. Ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, wọn ìwọ̀n omi méjèèjì. Omi tó kọ́kọ́ jáde lówùúrọ̀ máa ń le ju ti ọ̀sán lọ, nítorí kókópíìtì ti gbẹ díẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó wọn ti àárọ̀ lónìí tó wọn ti ọ̀sán lọ́la kò tíì fi ohunkóhun wé ohunkóhun.
6. Gbọn galọ́ọ̀nù, bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, fi omi mímọ́ ṣan ẹnu mítà, ki í bọ inú kọ́ọ̀bù náà, kí o sì dúró títí òǹkà kò fi ní yí mọ́.
7. Kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu mítà pH kò gbọ́dọ̀ gbẹ, inú omi ìtọ́jú tirẹ̀ ni kó sì máa wà. Omi lásán máa ń bà á jẹ́.

Ẹni tí kò ní tíréè lè lo ọ̀nà tí Robert Wright ti yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ní ọdún 1986. Wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá ti bomi dáadáa, a ó rọra da omi mímọ́ díẹ̀ sórí ike ọ̀gbìn. Omi tuntun yìí yóò ti èyí tó ti wà láàárín gbòǹgbò síwájú, nǹkan bí 50 ml àkọ́kọ́ tó bá sì jáde nísàlẹ̀ ni a ó wọ̀n.

7.5 Àpẹẹrẹ ìṣirò

Ká ní tòmátì kan ń gba omi nígbà 5 lóòjọ́, 300 ml lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àgbẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ nìyí:

| | Ọjọ́ Ajé | Ọjọ́bọ̀ (ọyẹ́ ti dé) |
|---|---|---|
| Omi tó wọlé | 1500 ml | 1500 ml |
| Omi tó jáde | 270 ml | 75 ml |
| Ìpín àjòjáde | 18% | 5% |
| EC tó wọlé | 2.4 | 2.4 |
| EC tó jáde | 3.1 | 4.6 |

Lọ́jọ́ Ajé, EC tó jáde fi 0.7 ju èyí tó wọlé lọ, ìpín àjòjáde sì dára. Kò sí ohun tó yẹ ká fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́bọ̀, ìyàtọ̀ ti di 2.2. Ẹni tó bá wo EC nìkan yóò ní ajílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ kò yí padà, 2.4 náà ló ṣì jẹ́. Ohun tó yí padà ni òùngbẹ ọ̀gbìn: lọ́jọ́ Ajé ó mu 1230 ml, lọ́jọ́bọ̀ ó mu 1425 ml, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fa omi lára ewé. Omi tó tó lọ́jọ́ Ajé kò tó mọ́.

Láti mú ìpín àjòjáde padà sí 20%, a ó pín 1425 sí 0.8. Yóò fún wa ní nǹkan bí 1780 ml, ìyẹn ìgbà 6 dípò 5. Àmọ́ iyọ̀ ti kó jọ, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ jáde. Fún ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́ta, a ó bomi nígbà 7, a ó sì mú EC omi tó ń wọlé wá sí 2.0. Bí EC tó ń jáde bá ti sún mọ́ 3, a ó padà sí ìgbà 6 àti 2.4.

A kì í fi omi lásán ṣe ìfọ̀ yìí. Bí èso bá ti wà lórí igi, omi tó fẹ́lẹ́ lójijì yóò rọ́ wọ inú wọn, èso yóò sì là. Ìfọ̀ náà gbọ́dọ̀ tún gbé kálísíọ̀mù dání, kí àyè tí potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù bá fi sílẹ̀ lára kókópíìtì lè kún fún ohun tó yẹ.

7.6 Bí a ṣe ń ka àmì

Òǹkà ọjọ́ kan kò tó dájọ́. Ọ̀nà tí òǹkà ń gbà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni a ń wò.

- *EC tó jáde fi 0.3 sí 1.0 ju èyí tó wọlé lọ:* bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.
- *Ìyàtọ̀ ń ga, ó sì ti kọjá 1.5:* iyọ̀ ń kó jọ. Fi kún omi kí o tó ronú àtidín ajílẹ̀ kù.
- *EC tó jáde kéré sí èyí tó wọlé:* ọ̀gbìn ń jẹ ju ohun tí à ń fún un lọ. Fi 0.2 sí 0.3 kún EC, lẹ́yìn tí o bá ti rí i dájú pé òjò kò jò sínú tíréè.
- *Àjòjáde ti kọjá 40%, EC méjèèjì sì dọ́gba:* ó ṣeé ṣe kí kókópíìtì ti gbẹ jù, kí omi máa gba ẹ̀gbẹ́ àpò kọjá láìkan gbòǹgbò. Dín iye omi ẹ̀ẹ̀kan kù, kí o sì máa bomi léraléra títí yóò fi tún rin.
- *pH tó jáde ń gòkè ju 6.5 lọ:* ọ̀gbìn tó ń gba náítíréètì púpọ̀ máa ń mú pH ga. Omi kànga tó ní baikábọ́nétì púpọ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ásíìdì díẹ̀ mú omi tó ń wọlé sún mọ́ 5.5. Ásíìdì ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi sínú ásíìdì.
- *pH tó jáde ń lọ sí ìsàlẹ̀ 5.2:* amóníọ̀mù inú ajílẹ̀ lè ti pọ̀ jù. Dín in kù, kí o sì yọ àpò kan wò bóyá gbòǹgbò ń kú.

7.7 Ohun tí mítà kò lè sọ

Mítà EC ń ka iye iyọ̀, kò mọ orúkọ wọn. Omi tí EC rẹ̀ jẹ́ 2.4 lè jẹ́ oúnjẹ tó pé, ó sì lè jẹ́ sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Yúríà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mítà: kò ní agbára iná nínú, nítorí náà bí a bá yọ́ ọ sínú omi, EC fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ẹni tó ń da yúríà sí omi tó sì ń wo mítà kí ó tó mọ ibi tí yóò dúró sí yóò pa ọ̀gbìn rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a gbé omi kànga lọ sí ilé àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì gbé omi àjòjáde lọ bí àmì àìsàn bá hàn lára ewé nígbà tí EC àti pH dára.

7.8 Ibi tí omi àjòjáde ń lọ

Omi àjòjáde ṣì ní náítíréètì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú. Bí a bá jẹ́ kó ṣàn lọ sódò, ewéko ojú omi ni yóò máa jẹ ẹ́ sanra, wọn yóò sì bo ojú odò mọ́ ẹja lórí. Kí a gbè é sínú táǹkì, kí a wọ̀n ọ́n, kí a fi omi là á, kí a sì fi bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo ìta. Dídà á padà sórí tòmátì léwu fún ẹni tí kò ní ohun tó lè pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀, nítorí igi kan tó ní àrùn lè kó o ran gbogbo ilé.

Àkótán

Kókópíìtì ń di kálísíọ̀mù mú, ó sì ń tú potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù sílẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. EC ń sọ iye iyọ̀, pH ń sọ bí omi ṣe kan tó. Òǹkà mẹ́ta la máa ń kà pọ̀: EC tó wọlé, EC tó jáde, àti ìpín àjòjáde. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá dá wà lè ṣi àgbẹ̀ lọ́nà.

Ìdánrawò

1. Omi tó wọ àpò tàtàsé kan jẹ́ 1200 ml, 300 ml ló jáde. Kí ni ìpín àjòjáde? Èló ni ọ̀gbìn náà mu?
2. Omi kànga kan ní sódíọ̀mù 30 mg nínú lítà kan. Bí ọ̀gbìn kò bá gba sódíọ̀mù rárá, eélòó ni yóò wà nínú lítà omi àjòjáde kan bí ìpín àjòjáde bá dúró sí 15%?
3. Mítà àgbẹ̀ kan ka 1400 ppm, ti ẹnì kejì ka 1000 ppm. Ṣàlàyé bí omi wọn ṣe lè jẹ́ ọgbọọgba.
4. EC tó wọlé jẹ́ 2.2, èyí tó jáde jẹ́ 1.7, ìpín àjòjáde sì jẹ́ 20% fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí lo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì ni àtúnṣe?
5. Tòmátì kan ń rọ lọ́sàn-án, kókópíìtì rẹ̀ sì tutù. Kọ ohun mẹ́ta tí o máa wọ̀n kí o tó pinnu bóyá omi ni yóò dínkù tàbí yóò pọ̀ sí i, kí o sì sọ ìdí.
6. *Iṣẹ́ ọwọ́:* Fi kókópíìtì tí a kò tíì fọ̀ kún ike kan. Da omi òjò sí i léraléra, kí o máa wọn EC omi tó ń jáde ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí o sì ya àwòrán òǹkà rẹ̀. Nígbà tí EC bá ti dúró sí ojú kan, da omi kálísíọ̀mù náítíréètì sí i, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tún fi omi òjò ṣàn án. Kí ló mú kí EC tún ga?